Ìpínlẹ̀ gé owó, wọ́n tún ní kẹ́ ẹ gba ọmọ sí i: bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹnjiníà ṣe lè ṣètò rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní yunifásítì ìjọba ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yin díìnì, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, àti ẹ̀yin tí wọ́n kàn ń da iṣẹ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì sí lọ́rùn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹnjiníà, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí: ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ á gé owó yunifásítì, ààrẹ yunifásítì á wo ọ̀tún wo òsì, á rí i pé ẹnjiníà ni àwọn ọmọ ń rọ́ lọ, ló bá ní ó dáa, ẹ gba ọmọ sí i, owó iléèwé tí wọ́n bá san la máa fi dí ihò náà. Gbogbo èèyàn á mi orí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí lóòótọ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó ti ìṣirò rẹ̀ ẹ máa rí i pé ìnáwó ló ń kọ́kọ́ dé, owó ló ń gbẹ̀yìn, àwọn ọmọ tẹ́ ẹ gbà wọlé ló sì máa jìyà àárín méjèèjì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná o. Ní 2015 Arizona gé 99 mílíọ̀nù dọ́là lára owó yunifásítì ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún yẹn náà ni Wisconsin gé 250 mílíọ̀nù dọ́là lára owó University of Wisconsin System, ìyẹn àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, fún ọdún méjì. Ní Illinois, gómìnà àtàwọn aṣòfin ò fẹnu kò lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì láti July 2015 títí di July 2017, àwọn yunifásítì wà láàárín bẹ́ẹ̀ tí wọn ò mọ iye tó ń bọ̀. Ní 2019, gómìnà Alaska wọ́gi lé 130 mílíọ̀nù dọ́là lára owó yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, ìgbà tí wọ́n dúnàádúrà tán ló tó di 70 mílíọ̀nù lórí ọdún mẹ́ta. Torí náà ẹ má ṣètò bí ẹni pé gígé owó jẹ́ ìjàǹbá tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó máa lọ. Ó máa ń padà wá.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ni pé owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun bá mú wá, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló ni ín. Láàbù rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀, ẹni tó máa tọ́ ọ sọ́nà, ìwọ̀nyí la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san owó wọn kúrò lára owó yẹn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ lè fi dí ihò. Tí kò bá ṣẹ́ kù, a jẹ́ pé ẹ wá ọ̀nà míì dí i.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú owó tí wọ́n gé

Owó ò jọra wọn. Owó tí ìpínlẹ̀ ń fún yunifásítì lọ́dọọdún lára rẹ̀ la ti ń san owó oṣù. Owó tí ìpínlẹ̀ ń yọ fún kíkọ́ ilé, àpò ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí i tí ilé tuntun ń dìde nígbà tí wọ́n ní kẹ́nikẹ́ni má gba òṣìṣẹ́. Owó ìwádìí láti NSF (National Science Foundation) tàbí ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ míì, iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ fún yín lẹ gbọ́dọ̀ fi ṣe, ẹ ò lè mú un kọ́ kíláàsì. Owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde fi ta yín lọ́rẹ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ní ìwé tó sọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe, súkọ́láshíìpù tàbí ìjókòó ọ̀jọ̀gbọ́n kan pàtó. Nígbà tẹ́ ẹ bá yọ gbogbo èyí kúrò tán, owó tó ṣeé yí síbí yí sọ́hùn-ún kéré gan-an ju iye gbàǹgbà tí wọ́n ń kọ síwájú ìròyìn ọdọọdún lọ.

Ẹ tún ya owó ẹ̀ẹ̀kan sọ́tọ̀ sí owó tó ń wá lọ́dọọdún. Tí provost (ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì) bá sọ pé òun máa fún yín ní ìdajì mílíọ̀nù dọ́là kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ béèrè lójú ẹsẹ̀ pé ṣé ti ọdún yìí nìkan ni àbí ó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ náà. Owó ẹ̀ẹ̀kan lẹ fi ń ra ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ fi ń tún yàrá ṣe. Ẹ má fi gba olùkọ́, torí olùkọ́ máa gba owó oṣù lọ́dún kejì, ọdún kẹta, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo kàlẹ́ńdà náà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, July 1 ni ọdún ìṣúná ń bẹ̀rẹ̀. Texas ń bẹ̀rẹ̀ ní September 1, Alabama àti Michigan ní October 1, New York ní April 1. Àmọ́ iye ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, ìgbà tí ewé ń wọ́wé lẹ ti máa ń sọ ọ́ fún àwọn àdìmíṣọ́ọ̀nù, lẹ́tà á ti jáde kí aṣòfin tó pàdé rárá, àwọn ọmọ á sì ti san owó ìdúró wọn ní nǹkan bíi May 1. Tó bá wá di June tí bọ́jẹ́ẹ̀tì jáde tẹ́ ẹ rí i pé wọ́n tún ti gé e, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa dá ọmọ padà. Ẹ sì tún rántí pé àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń gba owó padà láàárín ọdún tí owó orí tó wọlé ò bá tó bí wọ́n ṣe rò. Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni pé iye ọmọ tẹ́ ẹ máa gbà gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tẹ́ ẹ lè bójú tó tí bọ́jẹ́ẹ̀tì bá wá bí èyí tó burú jù nínú ohun tẹ́ ẹ fọkàn sí. Tó bá wá dáa, ẹ lè fi kún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ta ló ń gba owó iléèwé náà gan-an?

Ìbéèrè yìí lẹ gbọ́dọ̀ béèrè kẹ́ ẹ tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ó sì máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn èèyàn kì í béèrè é. Ní àwọn yunifásítì kan, gbogbo owó iléèwé ń lọ sí àárín, provost ló ń pín in bó ṣe pín in lésìí. Ní àwọn míì, owó ń tẹ̀ lé ẹni tó kọ́ kóòsì, bí kóòsì bá ṣe pọ̀ tó lẹ́ka ẹ ni owó á ṣe pọ̀ tó. Èkíní burú fún yín torí ẹ máa gba ọmọ, owó ò ní wá. Ìkejì náà ní wàhálà tiẹ̀, torí ọmọ ẹnjiníà ọdún kìíní, máàtì, físíìsì, kẹ́místírì àti ìwé kíkọ ló ń ṣe jù, àwọn ẹ̀ka yẹn ló sì máa gba owó náà.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó, àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ fi tiyín rọ́pò ẹ̀. Ká ní ẹ gba 100 ọmọ ìpínlẹ̀ yín sí i, kóówá wọn sì ń san 12,000 dọ́là lọ́dún. 1.2 mílíọ̀nù nìyẹn. Ẹ yọ ìdá mẹ́rin kan fún súkọ́láshíìpù, ó ku 900,000. Kí àárín gbungbun yunifásítì yọ 40 nínú 100 tiwọn, ó ku 540,000. Ìdá méjì nínú mẹ́ta kóòsì ọdún kìíní kì í ṣe tiyín, ó ku 180,000. Tí ihò tí ìpínlẹ̀ gbẹ́ sílẹ̀ bá jẹ́ mílíọ̀nù méjì dọ́là, ẹ rí i pé 100 ọmọ ò tiẹ̀ tíì débi kankan, 180,000 yẹn gan-an sì ni ẹ máa fi gba olùkọ́ kan pẹ̀lú TA (akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́) mélòó kan fún àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ná 1.2 mílíọ̀nù yẹn lẹ́ẹ̀mejì lórí ìwé, ẹnì kan kọ ọ́ sí ihò bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíì kọ ọ́ sí owó olùkọ́ tuntun, kò sẹ́ni tó fi ìwé méjèèjì wé ara wọn títí ọdún fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tẹ̀ lé ọmọ náà títí yóò fi jáde

100 ọmọ kì í dúró ní 100. Ẹ wo iye tó máa ń kù lọ́dọ̀ yín, ọ́fíìsì tó ń kó ìsọfúnni jọ ní yunifásítì yín máa ní in. Ká ní 80 ló kù lọ́dún kejì, 70 lọ́dún kẹta, 65 lọ́dún kẹrin, tí 30 sì tún ń ṣẹ́ ku lọ́dún karùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ń gba 100 sí i lọ́dọọdún, nígbà tó bá fi di ọdún karùn-ún 345 ọmọ lẹ fi kún kọ́lẹ́ẹ̀jì yín. Nǹkan méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ọdún kìíní rọrùn jù, yàrá ńlá ni, olùkọ́ kan lè kọ́ igba ọmọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń rò pé ìdàgbàsókè náà ń lọ dáadáa. Èkejì, wàhálà ń bọ̀ lọ́dún kẹta, nígbà tí wọ́n bá dé láàbù àti kóòsì tí kò ṣeé kọ́ ní gbọ̀ngàn, ọdún yẹn sì rèé, díìnì tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lè ti lọ síbòmíì.

Àwọn ọmọ náà ò sì ní pín ara wọn dọ́gba. Ẹ máa gba ọmọ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n ìdajì wọn lè fẹ́ ṣe mechanical tàbí computer nígbà tí àwọn ẹ̀ka míì wà tí àyè ṣì wà níbẹ̀. Texas A&M ń gba àwọn ọmọ ẹnjiníà tuntun sí ẹnjiníà gbogboogbò, lẹ́yìn ọdún kìíní ni wọ́n máa ń béèrè ẹ̀ka tí wọ́n fẹ́. Purdue náà ní ọdún kìíní tó pa gbogbo wọn pọ̀. Ètò yẹn ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè pín wọn sí ibi tí àyè wà. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí tó ń dùn mí níbẹ̀: ọmọ tó wá torí ọkọ̀ òfuurufú tẹ́ ẹ wá tì sí ẹ̀ka tí kò fẹ́, ẹ ti já a kulẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Torí náà ẹ sọ fún wọn nínú lẹ́tà àdìmíṣọ́ọ̀nù gan-an, kí wọ́n tó san owó, iye àyè tó wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan àti èsì tí wọ́n máa ní kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Láàbù ni ọ̀nà ti há

Ibi tí mo fẹ́ ká pẹ́ sí jù rèé, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ń fọ́ sí nìyí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí iye ọmọ tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ mú kóòsì láàbù kọ̀ọ̀kan, ẹ ka tábìlì iṣẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ ka wákàtí tí yàrá náà ṣí, ẹ wá ṣe é padà sẹ́yìn láti ibẹ̀.

Ká mú láàbù kan tó ní tábìlì iṣẹ́ 12, ọmọ méjì méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 24 nìyẹn. Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń lò, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, Monday dé Friday. Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ nìyẹn, 24 lọ́nà 15, 360 ọmọ. Lónìí ẹ ní 340, ó kún tán, ó kù díẹ̀. Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ sí 500. 500 lórí 24, ẹgbẹ́ 21 lẹ nílò. Ẹ ṣí i lálẹ́ Monday dé Thursday, ó di 19. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mejì ní Saturday, ó di 21. Ó pé! Àmọ́ ìgbà wo ni tẹkiníṣíànì máa tún ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ ṣe? Ìgbà wo ni wọ́n máa kó ohun èlò ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ síta? Àwọn TA tó ń gbé ẹgbẹ́ méjì méjì, mẹ́jọ ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀, wọ́n máa di 11. Ta ló máa san owó mẹ́ta tó kù?

Èyí tí gbogbo èèyàn máa ń sáré mú ni pé kí wọ́n kó ọmọ mẹ́ta sórí tábìlì kan. 36 lọ́nà 15, 540, ìṣòro parí lórí ìwé. Ẹ lọ dúró nínú láàbù yẹn ná. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fa irin títí yóò fi já. Ọmọ kan ló di irin náà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ọmọ kejì ń wo kọ̀ǹpútà tó ń ya ìlà agbára àti bí irin ṣe ń gùn, ọmọ kẹta dúró lẹ́yìn wọn ó ń kọ nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún un. Tí ẹ bá bi í lẹ́yìn náà pé báwo lo ṣe mọ̀ pé irin náà ti kọjá ibi tó ti lè padà sí bó ṣe wà, á máa wo ìwé tó kọ. Ó gba máàkì kan náà pẹ̀lú àwọn méjì yòókù, ó máa gba ìwé ẹ̀rí kan náà, ọwọ́ ẹ̀ ò sì kan irin yẹn rí. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan máa ní kó wá sọ bóyá òpó kan lè gbé afárá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa ìdàgbàsókè tí kò lówó nídìí nìyẹn.

Àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ rèé o. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ láàbù náà ní sẹ̀mẹ́sítà kan ṣoṣo, ẹ máa kọ́ ọ ní méjèèjì, kẹ́ ẹ sì yí ètò kóòsì àwọn ọmọ pa dà kí ìdajì wọn wá ní Fall, ìdajì ní Spring, àyè yín ti di ìlọ́po méjì láìra tábìlì kan. Ó gba kí ẹ̀ka jókòó tún kóòsì tó ń ṣíwájú ara wọn tò, àwọn olùkọ́ sì máa ráhùn díẹ̀, ẹ fara dà á, kò sí ohun tó dín owó tó o. Ẹ fi kóòsì summer kún un fún àwọn tó bá fẹ́. Fún láàbù iná, ẹ̀rọ kéékèèké bí Analog Discovery tó ń ṣe iṣẹ́ oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya bí iná ṣe ń lọ) lórí kọ̀ǹpútà ọmọ fúnra ẹ̀ lè jẹ́ kó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà nílé, kẹ́ ẹ wá fi yàrá ńlá sílẹ̀ fún ohun tí kò ṣeé gbé délé. Àmọ́ láàbù tó ní iná ńlá, èéfín, ooru tàbí ẹ̀rọ tó ń yí, ẹ má fi iye ọmọ ṣe eré níbẹ̀, ẹ pe ọ́fíìsì ààbò kí wọ́n sọ iye tí yàrá náà gbà, ẹ sì kọ iye yẹn sílẹ̀ bí ààlà.

Olùkọ́, TA, àti ABET

Nígbà tí owó bá dín, ọ̀nà tó rọrùn jù fún yunifásítì láti fi dín ìnáwó kù ni kí wọ́n má gba ẹlòmíì rọ́pò ẹni tó fẹ̀yìn tì. Ẹ ṣọ́ra fún un. Ìfẹ̀yìntì ò mọ ẹ̀ka tí ọmọ pọ̀ sí. Ó lè jẹ́ ẹ̀ka tí ọmọ ń kún bámú bámú ni ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta ti máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ibi tí ọmọ kéré sí ò sì ní pàdánù ẹnikẹ́ni. Ẹ bá provost ṣe àdéhùn pé àyè iṣẹ́ tó bá ṣófo kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ni ín, kẹ́ ẹ lè gbé e lọ síbi tó yẹ. Mo rò pé àdéhùn yìí dáa ju owó ìrànwọ́ tí wọ́n máa fún yín lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà lójú ọ̀nà tenure (iṣẹ́ àyérayé ní yunifásítì) wọ́n, kì í ṣe owó oṣù ẹ̀ nìkan, láàbù tẹ́ ẹ máa ṣí fún un gan-an lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dọ́là, ó sì máa kọ́ kóòsì díẹ̀ torí ìwádìí. Olùkọ́ tí kíkọ́ni jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gangan máa kọ́ ọmọ púpọ̀. Ẹ nílò méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá gba olùkọ́ kíkọ́ni, ẹ má gbà á ní ọdún kan ọdún kan, ẹ fún un ní àdéhùn ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún, ẹ fún un ní ọ̀nà ìgbéga, torí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun máa wà lọ́dún tó ń bọ̀, kò ní lè tún kóòsì ṣe. Ìgbà tẹ́ ẹ sì ń wá wọn ṣe pàtàkì. Ìkéde iṣẹ́ ń jáde ní Fall, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, August ni wọ́n ń dé. Olùkọ́ tẹ́ ẹ nílò fún ọmọ ọdún tó ń bọ̀, àná ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

TA náà, ẹ má gbàgbé pé wọ́n so mọ́ ìwádìí. Tí owó ìwádìí bá dín, akẹ́kọ̀ọ́ PhD á dín, TA á dín. Ọ̀nà kan tó ń ranni lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ lo àwọn ọmọ undergraduate tó ti ṣe kóòsì náà dáadáa, University of Colorado Boulder ló bẹ̀rẹ̀ ètò Learning Assistant tó ti tàn kálẹ̀. Wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ni, wọ́n ń san owó fún wọn, ìyẹn sì dín sí owó TA. Kì í ṣe kí wọ́n máa máàkì ìdánwò o, kí wọ́n jókòó ti àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń yanjú ìṣòro ni.

ABET, àjọ tó ń yẹ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà wò tó sì ń fọwọ́ sí i, wá ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ń ṣe ètò tẹ́ ẹ ò ka ABET sí, ẹ ń fi ìwé ẹ̀rí gbogbo ọmọ yín ta tẹ́tẹ́. Ìgbà tó gùn jù tí wọ́n máa fi jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi kí wọ́n tó tún padà wá yẹ̀ yín wò pátápátá ni ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní kí ẹ̀kọ́ náà ní ó kéré tán 30 wákàtí kírẹ́díìtì máàtì àti sáyẹ́ǹsì, àti 45 ti ẹnjiníà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ àgbéṣe ńlá kan lópin. Èyí tó kàn yín jù ni Criterion 6, 7 àti 8: bóyá olùkọ́ tó, bóyá yàrá àti ẹ̀rọ tó, bóyá yunifásítì ń ti ẹ̀kọ́ náà lẹ́yìn. Mo rọ̀ yín kẹ́ ẹ mú ọjọ́ tí wọ́n máa dé, kẹ́ ẹ fi lé orí tábìlì kan náà pẹ̀lú ètò ìdàgbàsókè yín. Tí ọdún tí ọmọ máa pọ̀ jù nínú láàbù bá bọ́ sí ọdún tí ABET ń bọ̀, ẹ jẹ́ provost mọ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ ABET wúwo létí rẹ̀ ju ẹ̀bẹ̀ yín lọ.

Ọmọ tó ń lọ, ẹ dá a dúró

Ọ̀nà tí ìnáwó rẹ̀ kéré jù láti ní ọmọ púpọ̀ ni kẹ́ ẹ má pàdánù èyí tẹ́ ẹ ti ní. Ká ní 800 ọmọ ń wọlé lọ́dún, 65 nínú 100 ló ń parí. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé 75, 80 ọmọ lẹ ti fi kún àwọn tó ń jáde láì gba ẹyọ ọmọ kan sí i, láì ná kọ́bọ̀ lórí ìpolówó. Wọ́n máa nílò àyè ní ọdún kẹta àti ìkẹrin, òótọ́ ni, ẹ fi sínú ìṣirò láàbù yẹn.

Ibi tí púpọ̀ wọn ń ṣubú sí ni máàtì ọdún kìíní. Ọmọ tó wá láti iléèwé tí kò ní calculus, á wọ kóòsì tó ń múra sílẹ̀ fún calculus, á wá calculus, á tún wá ìkejì, títí ọdún méjì á fi lọ kò tíì fojú kan ẹnjiníà. Wright State University ní Ohio bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 2004 tí mo fẹ́ràn gan-an: àwọn olùkọ́ ẹnjiníà fúnra wọn ló ń kọ́ máàtì tí ẹnjiníà ń lò, pẹ̀lú láàbù, kí ọmọ lè wọ kóòsì ẹnjiníà ọdún kejì láì dúró kí ó parí gbogbo calculus. Calculus ò kúrò, ó kàn sún ún síwájú díẹ̀ ni. Àwọn iléèwé míì ti mú un lò. Tẹ́ ẹ bá ní owó ohun kan ṣoṣo, ẹ ná an síbí yìí, kẹ́ ẹ sì fi olùdámọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ tì í, torí tí olùdámọ̀ràn kan bá ń ṣọ́ 600 ọmọ, kò lè mọ èyí tó ti ń dákẹ́ lọ títí ó fi máa kúrò.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú (community college) náà wà níbẹ̀. Texas A&M bá Blinn College àtàwọn míì dòwò pọ̀, ọmọ á jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà tiwọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ṣùgbọ́n á máa ṣe púpọ̀ nínú kóòsì ìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ní owó tó dín. Ó jẹ́ ara ohun tí wọ́n fi lépa 25,000 akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà kó tó di 2025, èyí tí wọ́n kéde ní 2013. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ kọ kóòsì tó ṣeé gbé wá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, kí ọmọ má bàa dé kí wọ́n sọ fún un pé kóòsì statics tó ṣe ò kà.

Níbi tí owó míì lè gbà wọlé

Owó àfikún fún ọmọ ẹnjiníà nìkan wà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, torí ẹ̀kọ́ wa wọ́n láti kọ́ ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀ka lọ. Bọ́ọ̀dù ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn ibì kan ò sì lè fi kún un rárá, Purdue ò fi kún owó iléèwé rẹ̀ láti 2013. Tẹ́ ẹ bá rí i gbà, ẹ yọ apá kan sọ́tọ̀ fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ò ní, ẹ sì máa gbé ìwé jáde lọ́dọọdún tó fi ohun tẹ́ ẹ fi ṣe hàn, kí àwọn ọmọ lè fi ojú wọn rí ẹ̀rọ tí owó wọn rà.

Ọmọ ìpínlẹ̀ míì ń san owó púpọ̀, ọwọ́ á fẹ́ máa yá yín síbẹ̀. Ẹ rọra. Owó orí àwọn ará ìpínlẹ̀ ló kọ́ ilé yẹn, wọ́n sì máa béèrè àyè ọmọ wọn. Ní May 2017 bọ́ọ̀dù University of California fi òpin sí i pé ọmọ ìpínlẹ̀ míì ò gbọ́dọ̀ ju 18 nínú 100 lọ ní ọ̀pọ̀ kámpọ́ọ̀sì wọn. Ẹ fi òpin sí tiyín fúnra yín kí aṣòfin tó bá yín fi í.

Másítà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè mú owó wá tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó pọ̀, Georgia Tech bẹ̀rẹ̀ tiwọn fún computer science ní 2014 ní owó tí kò tó 7,000 dọ́là lápapọ̀. Àmọ́ ìnáwó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ò kéré, n kò sì ní gbà yín níyànjú kẹ́ ẹ gbára lé e fún ọdún tí wọ́n ń gé owó lọ́wọ́. Másítà tó jẹ́ pé ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ló kún ibẹ̀, físà lè fi ọdún kan ṣoṣo sọ ọ́ di òfìfo, ẹ má fi san owó oṣù ẹni tó ń kọ́ undergraduate.

Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ bá ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe àdéhùn. Aṣòfin tó ń gé owó gbogboogbò lè fúnni lówó fún ohun tó lè kà. Virginia ṣe é ní 2019 pẹ̀lú Tech Talent Investment Program, wọ́n bá àwọn yunifásítì tọwọ́ bọ̀wé pé owó máa wá, ìwé ẹ̀rí computer science àti computer engineering náà á sì pọ̀ sí i. Ẹ mú iye ẹnjiníà tí àwọn ilé iṣẹ́ àgbègbè yín ń wá tí wọn ò rí lọ bá wọn, ẹ mú ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà dání, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró sílẹ̀

Ètò ìdàgbàsókè tí kò ní ibi ìdúró kì í ṣe ètò. Ní 2019 Virginia Tech rí i pé àwọn ọmọ tó gbà láti wá fi ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ju iye tí wọ́n retí lọ, wọ́n sì ní láti máa bẹ àwọn kan pẹ̀lú owó pé kí wọ́n dúró di ọdún tó ń bọ̀ tàbí kí wọ́n wá ní summer. Bí iléèwé ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣìrò tó sì kọjá nìyẹn. Ẹ bá àwọn àdìmíṣọ́ọ̀nù sọ ọ́ kí ìwé ìdúró (orúkọ àwọn tó ń dúró de àyè) wà fún apá kan nínú iye náà, kẹ́ ẹ má ṣe gba gbogbo wọn lójú kan.

Nínú ìwé àdéhùn yín pẹ̀lú provost, ojú ìwé méjì ti tó, ẹ kọ iye ọmọ tẹ́ ẹ máa fi kún un lọ́dún kìíní, iye owó tó máa wọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó máa wọlé, àyè iṣẹ́ olùkọ́ tó máa ṣí àti oṣù tí ìkéde rẹ̀ máa jáde. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá kọ ohun tó máa dá ìdàgbàsókè dúró: tí olùkọ́ ò bá tíì dé, tí ẹgbẹ́ láàbù kan bá kọjá 24, tí iye ọmọ tó ń padà wá lọ́dún kejì bá wálẹ̀, tí ìpínlẹ̀ bá tún gé owó láàárín ọdún. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣẹlẹ̀, iye ọmọ tuntun á dúró síbi tó wà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sí àríyànjiyàn.

Ẹ fi ìwé náà han olórí ẹ̀ka máàtì àti físíìsì kẹ́ ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni lókè, torí ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ọmọ yẹn máa kọ́kọ́ dé, mo sì ti rí i tí wọ́n gbọ́ ọ nígbà tí kíláàsì ti kún. Ẹ fi han àwọn tẹkiníṣíànì náà, wọ́n mọ ẹ̀rọ tí kò ní lè gbé e. Kẹ́ ẹ wá mú un lọ bá provost kí October tó parí, kó fọwọ́ sí i kí lẹ́tà àdìmíṣọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ tó jáde. Tí kò bá fọwọ́ sí i, iye ọmọ tẹ́ ẹ gbà lésìí ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí àdìmíṣọ́ọ̀nù, kẹ́ ẹ sì kọ ìdí ẹ̀ sínú ímeèlì kan náà.